Ìwé Tó Yí Òkú Lẹ́ẹ̀mẹrin

Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù karùn-ún ọdún 2025, ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá òwúrọ̀, Ṣẹ̀rífátù Oyèdèjì kú ní yàrá ẹ̀yìn ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ háyà ní Ìtá-Ẹlẹ́wà, ní Ìkòròdú. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni. Oṣù mẹ́jọ ló lò lórí ìdùbúlẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà sì ti ń bá a fínra tipẹ́ kí ó tó ṣubú.

Ọkọ rẹ̀, Ìdrís Oyèdèjì, ló wo aago. Pálọ̀ ló wà nígbà tí nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ìyàwó rẹ̀, Ọmọ́táyọ̀, jáde wá, tó ní, "Bàbá, Màmá ò dá mi lóhùn mọ́." Ó dìde, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá, ó gbójú sókè sí aago ara ògiri. Kò wo bẹ́ẹ̀dì. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ọkùnrin yìí fi jẹ́ táímù-kípà ní ilé-iṣẹ́ aṣọ kan ní Odógunyàn. Ẹnu géètì ló ń jókòó sí, tó ń ṣọ́ káàdì tí àwọn òṣìṣẹ́ ń kì bọ aago bí wọ́n bá ń wọlé àti bí wọ́n bá ń jáde. Ohun tí ó bá ti ṣẹlẹ̀ sí i, kódà kó jẹ́ ikú, aago rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wá.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, àwọn obìnrin tó ń wẹ òkú ti dé. Àlùfáà sọ fún un pé ọkọ láṣẹ láti wẹ aya rẹ̀, pé bí ó bá fẹ́, kí ó bá wọn wọlé. Oyèdèjì mi orí.

"Ẹ̀yin obìnrin ni kẹ́ ẹ ṣe é," ó ní.

Ìyá Lateefah ló ṣáájú wọn. Obìnrin yìí ti wẹ òkú ní Ìkòròdú láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú. Òfin kan sì wà nínú iṣẹ́ náà tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rú: ohun tí ojú bá rí lára òkú, ẹnu kò gbọdọ̀ sọ ọ́. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Wọ́n pẹ́ nínú ilé ju bó ti yẹ lọ. Nígbà tí Ìyá Lateefah jáde, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá, ó tún da omi sí i, ó tún un fọ̀. Lẹ́yìn náà ló wá jókòó ti Oyèdèjì.

"Bàbá Mardiyah, ẹ kú ìrọ́jú."

"Ẹ ṣeun."

"A ti ṣe é tán. Ó mọ́." Ó bojú wẹ̀yìn. "Ẹ mọ̀ pé a kì í sọ̀rọ̀ nídìí iṣẹ́ wa."

"Mo mọ̀."

"N kò sọ nǹkan kan o. Ṣùgbọ́n tìmùtìmù yẹn, ẹ má fi tọrẹ. Ẹ má gbé e fún ẹnikẹ́ni láti sùn lé. Ẹ sun ún níná."

Ó dìde, ó sì lọ. Wọ́n kírun sí Ṣẹ̀rífátù lára lẹ́yìn Alaasari, wọ́n sin ín. Nígbà tí àwọn èèyàn darí dé láti itẹ́, Ọmọ́táyọ̀ ti lọ. Kí wọ́n tó gbé omi ìwẹ̀ kaná ló ti di báàgì rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni, kò sì dúró gbọ́ àdúà.

Ní ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn tí wọ́n ṣàdúà tán tí ilé dá páropáro, Oyèdèjì wọ yàrá náà. Ó gbá etí tìmùtìmù mú, ó dojú rẹ̀ délẹ̀. Ó dúró wò ó. Àbàwọ́n kan wà níbi tí ìbàdí máa ń gbé, ó fẹ̀ tó àwo oúnjẹ, ó dúdú láàárín, ó pọ́n yí ká, ó sì ti jẹ wọnú fóòmù dé ìsàlẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò sunkún. Bí a bá tilẹ̀ ń sunkún, a máa ń ríran. Ojú tirẹ̀ gbẹ pátápátá, ìdí nìyẹn tó fi rí ìwé tó so kọ́ ìṣó lára ògiri.

Ìwé yíyí ni wọ́n ń pè é. Ní ọjọ́ tí wọ́n dá Ṣẹ̀rífátù sílẹ̀ ní ọsibítù ìjọba ni nọ́ọ̀sì àgbà kan ti là á yé Oyèdèjì. Ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ máa yí i ní wákàtí méjì-méjì: ọ̀tún, ẹ̀yìn, òsì. Bí wọn kò bá yí i, ibi tí egungun tẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì á kú, á dégbò, egbò náà á sì máa jẹ wọlé bí ikán. Mardiyah, ọmọ wọn obìnrin tó ń gbé ní Kàdúná, ló bá ilé-iṣẹ́ kan tó ń rán nọ́ọ̀sì sí ilé aláìsàn sọ̀rọ̀, àwọn ló sì rán Ọmọ́táyọ̀ wá pẹ̀lú ìwé náà. Ewé kan fún ọjọ́ kan. Bí nọ́ọ̀sì bá ti yí aláìsàn tán, kó sàmì sí iwájú aago tó yí i. Bó bá di alẹ́, kí ẹni tó ni aláìsàn fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ pé òun rí i.

Oyèdèjì já ìwé Ọjọ́rú kúrò lára ìṣó. Ó kà á bí ó ti máa ń ka káàdì.

Aago mẹ́fà, ọ̀tún. Aago mẹ́jọ, ẹ̀yìn. Aago mẹ́wàá, òsì. Aago méjìlá, ọ̀tún. Aago méjì, ẹ̀yìn. Aago mẹ́rin, òsì. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ọ̀tún.

Báírò kan náà ló sàmì sí gbogbo wọn, ọwọ́ kan náà, ní ìjókòó kan ṣoṣo. Ṣẹ̀rífátù ti kú ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìwé sì ní wọ́n tún yí òkú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin.

Bí ọ̀rọ̀ bá mọ síbẹ̀, ìbá rọrùn. Ṣùgbọ́n ìfọwọ́sí wà nísàlẹ̀ ìwé náà, ó gún, ó mọ́, gbogbo ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ní Odógunyàn ló mọ̀ ọ́n: I. A. Oyèdèjì.

Òun ló fọwọ́ sí i. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan, Ọmọ́táyọ̀ a kó ìwé méjèèje ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ wá bá a ní pálọ̀, a ní, "Bàbá, kí n má baà máa yọ yín lẹ́nu lójoojúmọ́." Oyèdèjì a sì fọwọ́ sí wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkùnrin tó lé èèyàn méjìlá níṣẹ́ nítorí pé wọ́n ń kì káàdì bọ aago fún ara wọn! Òórùn yàrá yẹn ló ń sá fún, àti ojú Ṣẹ̀rífátù, tí ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí omijé rẹ̀ sì máa ń dà bí ó bá ti rí i. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé iṣẹ́ obìnrin ni. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ẹni tó kọ́ṣẹ́ ló wà níbẹ̀.

Ó pe Mardiyah lórí fóònù, ó ka ìwé náà fún un. Kò kà á dé ìsàlẹ̀.

"Bàámi," ni ọmọ rẹ̀ wí pẹ̀lú ẹkún, "ẹ jẹ́ ká fà á lé Ọlọ́run lọ́wọ́."

"Ọlọ́run ní tirẹ̀ tí yóò ṣe. Èmi náà ní tèmi."

Ohun tó fẹ́ kò ju ọ̀kan lọ: kí Ọmọ́táyọ̀ má fọwọ́ kan aláìsàn mọ́ láyé, kó sì jẹ́ pé ìṣojú ẹni tó fi aláìsàn lé e lọ́wọ́ ni yóò ti tẹ́. Ìwé yìí nìkan sì ni ohun ìjà tó ní. Ó ká ìsàlẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn, ó fi èékánná tẹ̀ ẹ́ títí ìlà rẹ̀ fi gún, orúkọ rẹ̀ sì pòórá.

Lẹ́yìn àdúà ogójì ọjọ́, ó kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó rán nọ́ọ̀sì wá. Ọkùnrin tó bá níbẹ̀ fún un ní àga, ó kí i kú àmúmọ́ra, ó ní àyànmọ́ ò gbóògùn. Oyèdèjì rí i pé bí òun bá mú ìwé jáde níbẹ̀, inú dúrọ́ọ̀ tábìlì ni yóò sùn. Ó kì ọwọ́ bọ àpò, ó mú aago kékeré kan jáde, irú èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì máa ń fi pín-ìnì kọ́ àyà. Ọmọ́táyọ̀ ló gbàgbé rẹ̀ sójú fèrèsé lọ́jọ́ tó ń kánjú lọ.

"Ọmọ yẹn gbàgbé aago rẹ̀," ó ní. "Ó tọ́jú ìyàwó mi. Mo fẹ́ fi fún un lọ́wọ́."

"Á à, Bàbá, ẹ mà láàánú o!" ni ọkùnrin náà wí, ó sì kọ àdírẹ́sì ibi tí wọ́n tún rán an lọ fún un. Òkè-Pósù, ní Ẹ̀pẹ́. Ilé Tíṣà Hàbíbàt.

Ọjọ́ Ẹtì ni Oyèdèjì wọ ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́. Obìnrin kan tó gbé apẹ̀rẹ̀ jókòó tì í, ó ń fi ẹsẹ̀ ti apẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ má fẹsẹ̀ lù ú o. Ẹja àrọ̀ ni, wọ́n ṣì wà láàyè."

"O ń gbé ẹja lọ sí Ẹ̀pẹ́?" ni dẹ́rẹ́bà béèrè láti iwájú. "Ṣé o ó gbé iyọ̀ lọ sókun náà ni?"

Ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Oyèdèjì kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọjá Ìmọ̀tà, wọ́n kọjá Itókin. Nígbà tí wọ́n dé oríta tó yà sí Ejìnrìn, ó yíjú sí òdìkejì. Ejìnrìn ni wọ́n ti bí Ṣẹ̀rífátù. Ibẹ̀ ló ti ń bá ìyá rẹ̀ wa ọkọ̀ ojú omi lọ́jọ́ ọjà nígbà tó wà lọ́mọge. Apá rẹ̀ le nígbà náà. Òun ló kọ́ Oyèdèjì, ọmọ Ìwó tí kò mọ̀ ju ilẹ̀ gbígbẹ lọ, bí wọ́n ṣe ń di àjẹ̀ mú.

Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú márùn-ún ló kan ilẹ̀kùn ní Òkè-Pósù. Tíṣà Hàbíbàt fúnra rẹ̀ ló ṣí i, obìnrin tó tó ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iléèwé dé. Oyèdèjì sọ orúkọ rẹ̀, ó ní Ìkòròdú ni òun ti wá rí nọ́ọ̀sì, pé nọ́ọ̀sì náà ló tọ́jú ìyàwó òun.

"Ẹ káàbọ̀ sà. Ẹ jókòó. Inú ló wà, ó ń tọ́jú bàbá mi. Omi rèé."

"Òǹgbẹ ò gbẹ mí."

"Ẹ fẹnu kàn án, sà. Omi Ẹ̀pẹ́ kì í pa ará Ìkòròdú."

Láti yàrá inú, ohùn arúgbó kan tó ń falẹ̀ ké jáde. "Hàbíbàt! Ta ni yẹn? Ṣé ẹni tó ń ta tábà ni?"

"Rárá o, Bàbá. Ẹ ò mu tábà mọ́ kẹ̀!"

"Mi ò mu ún mọ́. Ṣé mo wá ní kí ẹni tó ń tà á má kí mi ni?"

Bàbá rẹ̀ nìyẹn, Pa Adélàjà. Àrùn kan náà tó mú Ṣẹ̀rífátù ló mú un, láti oṣù kìíní; ó lé ní oṣù kan tí Ọmọ́táyọ̀ ti ń tọ́jú rẹ̀. Ilẹ̀kùn yàrá náà ṣí sílẹ̀, Oyèdèjì sì rí ìwé yíyí lára ògiri, lórí ìṣó. Ojú rẹ̀ ṣì ríran dáadáa. Àmì dé aago méjì, kò kọjá bẹ́ẹ̀. Aago mẹ́rin àti mẹ́fà ṣófo. Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́. Ó ti gbàdúrà kí ìwé náà kún dé ìsàlẹ̀.

Ọmọ́táyọ̀ jáde, ó gbé abọ́ omi àti táwẹ́ẹ̀lì dání. Nígbà tó rí ẹni tó jókòó, omi dà sí i lẹ́sẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá. Ẹ kú ìrọ́jú, sà."

"Aago rẹ rèé," Oyèdèjì gbé e sórí tábìlì. "O gbàgbé rẹ̀ níbi tí o ti ń sá lọ." Ó yíjú sí onílé. "Tíṣà, iṣẹ́ yín ni ìwé kíkà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka èyí sókè. Ìyàwó mi kú láàárọ̀ ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀, ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Hàbíbàt gba ìwé náà. "Aago mẹ́fà, ọ̀tún. Aago mẹ́jọ, ẹ̀yìn. Aago mẹ́wàá, òsì. Aago méjìlá, ọ̀tún..." Ó dúró.

"Aago méjìlá, àwọn tó ń wẹ̀ ẹ́ wà lórí rẹ̀," Oyèdèjì wí. "Ẹ máa kà á."

"Aago méjì, ẹ̀yìn."

"Wọ́n ń di aṣọ funfun mọ́ ọn lára."

"Aago mẹ́rin, òsì."

"Àlùfáà ń kírun sí i lára."

"Aago mẹ́fà..." Ohùn Hàbíbàt ti wálẹ̀.

"Iyẹ̀pẹ̀ ti bò ó. Ẹ bi í pé báwo ló ṣe wọlé tọ̀ ọ́ lọ."

Ọmọ́táyọ̀ gbé abọ́ sílẹ̀. "Ọjọ́ yẹn nìkan ni, Tíṣà. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Ọjọ́ kan kì í jẹ fóòmù dé ìsàlẹ̀," Oyèdèjì wí. "Mo dojú tìmùtìmù délẹ̀. Mo fi ojú ara mi rí i."

"Ojú ara yín?" Ọmọ́táyọ̀ dìde lórí ìkúnlẹ̀, ohùn rẹ̀ sì yí padà. "Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ní ojú, Bàbá? Oṣù mẹ́jọ! Ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ wọ yàrá yẹn? Èmi nìkan, aláìsàn tó wúwo, mo sọ fún yín pé ẹ jẹ́ ká jọ máa gbé e, ẹ ní ẹ̀yìn ń dùn yín. Tíṣà, ẹ tú ìsàlẹ̀ ìwé yẹn. Ẹ tú u! Ẹ wo ẹni tó fọwọ́ sí i pé òun rí i."

Hàbíbàt tú u. Ó wo orúkọ náà, ó wo Oyèdèjì.

"Bàbá, ta ló ń jẹ́ I. A. Oyèdèjì?"

Ó lè ní wọ́n fi orúkọ òun ṣe màgòmágó. Ó mọ̀ bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi gbọ́ ọ lẹ́nu géètì. Bó bá sọ ọ́, arúgbó ni, wọ́n á gbà á gbọ́.

"Èmi ni," ó ní. "Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo fọwọ́ sí i, pẹ̀lú mẹ́fà mìíràn. Kò tíì sàmì kan sí i nígbà náà."

"Ẹ fọwọ́ sí ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀?"

"Mo fọwọ́ sí i kí n má baà wọ yàrá."

Ọmọ́táyọ̀ nu ojú rẹ̀ bí ẹni tó rò pé òun ti bọ́. Ìgbà náà ni Oyèdèjì yọ báírò lápò, tó tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì.

"Ní ilé-iṣẹ́ wa, ẹni tó bá purọ́ sórí káàdì, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń kọ ọ́ kó tó jáde ní géètì. Ọmọ́táyọ̀, kọ ọ́ síwájú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: mi ò yí i."

"Bàbá, bí mo bá kọ ọ́, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi láyé. Mo ní ọmọ mẹ́ta."

"Gbogbo ẹni tí mo lé ló bímọ."

Ọmọ́táyọ̀ wo Hàbíbàt. Hàbíbàt fọwọ́ lérán, ó sì ní, "Kọ ọ́. Bí o ò bá kọ ọ́ níhìn-ín, iwájú gbogbo Òkè-Pósù lo ó ti kọ ọ́."

Ó kọ ọ́. Lẹ́ẹ̀mẹrin: mi ò yí i, mi ò yí i, mi ò yí i, mi ò yí i. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Oyèdèjì gba báírò. Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà, kò pète rẹ̀ láti ilé. Ó kọ ọ́ lábẹ́ orúkọ ara rẹ̀: mi ò wò ó.

Kò pẹ́ tí Ọmọ́táyọ̀ fi gbé báàgì rẹ̀ jáde. Ó fi aago náà sílẹ̀ lórí tábìlì. Oyèdèjì tẹ́tí gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ títí kò fi gbọ́ ọ mọ́, inú rẹ̀ sì dùn, adùn kíkan bí àgbálùmọ̀ tí kò pọ́n. Aṣegbé kan ò sí. Àṣepamọ́ ló wà, òun sì ti hú u síta.

"Táyọ̀!" Ohùn Pa Adélàjà tún jáde. "Aago mẹ́rin ti ń lọ o! Ẹ̀gbẹ́ ti ń ro mí."

Hàbíbàt dìde. Ó wo ilẹ̀kùn, ó wo àlejò rẹ̀. "Èmi nìkan ò lè gbé e, Bàbá. Èèyàn méjì ló ń gbé e; kódà mo máa ń sáré wálé láti iléèwé wá bá a gbé e. Ẹnì kejì ló jáde lọ yẹn."

Oyèdèjì bọ́ bàtà, ó ká ọwọ́ agbádá rẹ̀, ó sì wọlé.

Hàbíbàt fi bó ṣe yẹ kó kì ọwọ́ bọ abẹ́ èjìká arúgbó hàn án. Wọ́n ka ení, wọ́n ka èjì, wọ́n yí i. Aṣọ ká kúrò lẹ́yìn arúgbó náà. Oyèdèjì fipá mú ojú rẹ̀ láti wò ó. Ẹ̀yìn náà mọ́. Ìbàdí mọ́. Ó ń dán fún òróró tí wọ́n fi ra á, kò sí àpá kan níbẹ̀, bí ẹ̀yìn ọmọ ọwọ́.

Ìbínú tó ru bò ó ju ti ọjọ́ tó dojú tìmùtìmù délẹ̀ lọ. Ó ṣeé ṣe, àbí? Ó ṣeé ṣe. Èèyàn lè dùbúlẹ̀ fún oṣù púpọ̀ kí ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ báyìí.

"Ọwọ́ rẹ mà tutù o, ẹni tó ń ta tábà," ni Pa Adélàjà wí. "Ọwọ́ Táyọ̀ kì í tutù báyìí."

Ní ẹnu ọ̀nà, Hàbíbàt kò gbójú sókè. "Ẹ rí i pé kò sí nǹkan kan lẹ́yìn bàbá mi."

"Mo rí i."

"Ó tọ́jú wọn, Bàbá. Bí mo bá sáré tẹ̀lé e nísinsìnyí, mo ṣì lè bá a ní gáréèjì. Ṣé kí n pè é padà?"

Oyèdèjì wọ bàtà rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.

"Ẹ̀yìn ìyàwó mi ló fi kọ́ ọ," ó ní. "Kó máa lọ."

Ó mú ìwé náà, Hàbíbàt sì fi aago náà lé e lọ́wọ́, ó ní òun ò fẹ́ ẹ nílé òun. Nígbà tí ọkọ̀ tún dé oríta Ejìnrìn, kò yíjú. Ní ọjọ́ Ajé, ó ṣe ẹ̀dà ìwé náà ní mẹ́ta. Ó lẹ ọ̀kan mọ́ ilẹ̀kùn àwọn tó ń rán nọ́ọ̀sì, ó fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí Mardiyah, orúkọ òun náà sì hàn gbangba nísàlẹ̀. Ó fún Ìyá Lateefah ní ìkẹta. Obìnrin náà kà á, ó sì dá a padà. Lẹ́yìn náà ni Oyèdèjì sun tìmùtìmù.

Ohun tí Ṣẹ̀rífátù fi sílẹ̀ nínú yàrá nìyí, bí ọkọ rẹ̀ ṣe kọ ọ́ sílẹ̀:

Bẹ́ẹ̀dì onírin kan, kò ní tìmùtìmù.
Bàtà sílípáàsì méjì, gìgísẹ̀ wọn ti jẹ, eruku sì ti bò wọ́n.
Tẹ̀sùbáà aláwọ̀ ewé, ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta ti já nínú rẹ̀.
Àjẹ̀ kan láti Ejìnrìn, lẹ́yìn ilẹ̀kùn.
Ìgò òróró ìpara méjì, wọn kò tíì ṣí i.
Aago nọ́ọ̀sì kan, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe tirẹ̀.
Ìṣó kan lára ògiri.
Ìwé kan, orúkọ èèyàn méjì ló wà níbẹ̀.